Etí Ni Ìṣègùn Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ó sì tó gẹ́ẹ́ kí n sọ ọ́ síta, bí yóò tilẹ̀ bí àwọn kan nínú. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó, àti ohun tí wọ́n gbà gbọ́ pé ó ń sọ ènìyàn di dókítà gidi.

Ohun tó fà á nìyí. Wọ́n pè mí láti wá bá ọ̀wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan sọ̀rọ̀ lórí èdè àti ìlera. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ wọ́ọ̀dù ni wọ́n, aṣọ funfun wọn ṣì ń dán. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo pín ìwé pélébé fún wọn, mo ní kí oníkálukú parí gbólóhùn yìí: "Dókítà gidi ni ẹni tí ó ..." Mo gba ìwé náà padà, mo sì kà wọ́n sókè létí gbogbo wọn. Ọ̀kan ní ẹni tí orí rẹ̀ pé ni. Òmíràn ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n nídìí iṣẹ́ abẹ ni. Òmíràn ní ẹni tó mọ oògùn tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Òmíràn ní ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹkún aláìsàn da orí òun rú. Àwọn kan kò fi bò rárá, wọ́n ní ẹni tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí lókè òkun ni. Ìwé mélòó kan dárúkọ àánú. Ṣùgbọ́n mo wá ẹyọ ìwé kan tí yóò sọ pé dókítà gidi ni ẹni tó lè gbọ́ ohun tí aláìsàn ń wí, n kò rí i.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé, "Sà, ẹ má bínú, ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ dókítà. Bí a bá ti mọ àyẹ̀wò tó yẹ ká ṣe, ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú mi, nítorí pé mo rántí ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Màmá yìí ti lé ní 70 ọdún, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lọ sí ilé-ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Dókítà tó rí jẹ́ ọ̀dọ́, orúkọ tó lẹ̀ máyà jẹ́ orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá Màmá sọ̀rọ̀. Màmá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ìyẹn èyí tó fi ń tajà nígbà tó ṣì ní agbára. Nígbà tí dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó rí i pé ó ga, ó bi í pé kò lo oògùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, àbí? Màmá dáhùn, ó ní "Yẹ́ẹ̀sì." Òótọ́ ni Màmá sọ. Oògùn rẹ̀ ti tán láti bí ọjọ́ mẹ́jọ, kò sì tíì rí owó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà gbọ́ ni pé Màmá lo oògùn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó lò ó, pé ẹ̀jẹ̀ kò sì tìtorí rẹ̀ wálẹ̀. Ló bá fi oògùn mìíràn tó lágbára kún ti tẹ́lẹ̀. Àwa ọmọ dá owó jọ, a ra méjèèjì, Màmá sì lò wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe ní kó lò wọ́n. Ní ọjọ́ kẹta, ó dìde láti lọ sí balùwẹ̀, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ó sì fi iwájú orí gbá ilẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè tí ẹ ń ka ìwé yìí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní èdè Yorùbá, bí ẹnìkan bá sọ pé, "Ẹ kò lo oògùn yín?", tí mo sì dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni," ohun tí mo ń wí ni pé bí o ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí, n kò lò ó. Bí mo bá lò ó, èmi yóò ní "Rárá o, mo lò ó." Gbólóhùn ẹni tó bi mí ni ìdáhùn mi ń fara mọ́ tàbí tó ń kọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tiwọn ń tẹ̀lé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ni, bí kò bá ṣẹlẹ̀, rárá ni, ọ̀nà yòówù tí wọ́n ìbáà gbà béèrè rẹ̀. Nígbà tí Màmá sọ "Yẹ́ẹ̀sì", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n gírámà Yorùbá ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí à ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní ẹ̀ka wa nìyẹn, tí wọ́n ń kùn pé kí ni àwọn fẹ́ fi í ṣe. Ẹ wò ó bí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè yẹn dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ: "Ẹ kò tíì jẹun láti àná, àbí?" Ẹ jẹ́ ká gbé e dé ọ̀dọ̀ aboyún: "Ẹ kò rí ẹ̀jẹ̀?" Dókítà tí kò mọ ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" ń ṣe lẹ́nu àgbàlagbà Yorùbá ń fi ojú dídì rìn lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì gba owó kankan. Kí dókítà má ṣe fi "kò" béèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Kó ní, "Màmá, ọjọ́ wo lẹ lo oògùn yín kẹ́yìn?" Ó parí.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n mú mélòó kan sí i.

Ọwọ́ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, ó sì dé orí ìka. Ẹsẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ láti itan, ó sì dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lóòótọ́, a ní apá, ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan ń dùn kì í sábà dúró ṣe ìyàtọ̀ yẹn. Bí bàbá kan bá ní, "Ọwọ́ òsì ń dùn mí, àyà sì ń fún mi," tí akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ sí Gẹ̀ẹ́sì pé àtẹ́lẹwọ́ ń dùn ún, àmì àìsàn ọkàn tí wọ́n fi odidi wákàtí kọ́ ọ nínú kíláàsì ló fi ìkọ̀wé ara rẹ̀ pa rẹ́ yẹn.

Ẹ tún wo "A dúpẹ́." Àwọn dókítà ń yí wọ́ọ̀dù ká ní òwúrọ̀. "Màmá, ṣé ẹ sùn dáadáa?" "A dúpẹ́, ọmọ mi." Wọ́n kọ ọ́ pé aláìsàn sùn dáadáa. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìkíni ni aláìsàn jẹ́, kò tíì ròyìn ohunkóhun. Omolúàbí kì í ti ẹnu ìkíni bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ìbéèrè kejì ni ìbéèrè gidi: "Ẹ ṣeun, Màmá. Ìrora alẹ́ àná wá ńkọ́?" Ìgbà yẹn ni Màmá yóò mí kanlẹ̀, tí yóò sọ pé òun kò pa ojú dé.

Àwọn kan a tún wí pé, "Nǹkan ń rìn lára mi," tàbí "Orí mi ń gbóná." Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fọwọ́ kan orí aláìsàn, orí tutù, yóò sì rẹ́rìn-ín pé aláìsàn ń rò ó ni. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Kánádà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ìwé kò sì wọ̀ wọ́n lára mọ́. Àjèjì ni, ṣùgbọ́n kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu àwọn aláìsàn jáde ló gbà sílẹ̀, tó sì fi wádìí. Ṣé àjèjì ni yóò wá máa fetí sí wa jù wá lọ ni?

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ "ẹ́" àti "yín." Gẹ̀ẹ́sì kò ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Ọmọ tó bá ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú a fò sókè, a ní, "Bàbá, kí ló ń ṣe ẹ́?" Bàbá tó jù baba rẹ̀ lọ! Bàbá kò ní jà. Yóò kàn dáhùn ní ọ̀rọ̀ méjì, yóò sì pa ẹnu mọ́. Ìtọ̀ tí kò ṣeé tọ̀ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ tó ń rí nínú ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbé padà lọ sílé. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Dókítà rò pé òun ti gbọ́ tán, kò mọ̀ pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá òun sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, èmi kò bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn jà lórí àánú. Àánú dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo wá sọ. Ohun tí mo ń wí le ju bẹ́ẹ̀ lọ: gbígbọ́ èdè aláìsàn jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn, gẹ́gẹ́ bí mímọ ibi tí ẹ̀dọ̀ wà ti jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹni tí kò ní in ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ náà, orí ìbáà pé bí ti ìjàpá. Ẹ má sì sọ pé onímọ̀ èdè ló ń fọ́nnu. Ní 1975, àwọn dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn British Medical Journal. Wọ́n wo aláìsàn tuntun 80 tí wọ́n wá rí dókítà láti ìta. Nínú wọn, 66 ni àìsàn wọn ti hàn láti inú lẹ́tà tí wọ́n mú wá àti ìtàn tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ, kí dókítà tó fọwọ́ kàn wọ́n, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán tó dé. Ọmọ mi tó ní ara aláìsàn ni yóò sọ fún òun, ẹnu ni ara fi ń sọ̀rọ̀! Ní 1984 ẹ̀wẹ̀, Beckman àti Frankel ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé níbi tí dókítà ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ aláìsàn lẹ́nu, kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá 18 lọ ní ìpíndọ́gba. Àwọn yẹn tilẹ̀ jọ ń sọ èdè kan náà ni o.

Mo mọ àwíjàre wọn, nítorí wọ́n sọ wọ́n fún mi lójúkojú.

Èkínní, wọ́n ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ìṣègùn. Mo bi wọ́n pé kí ni a ń pè ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹjẹrẹ, làkúrègbé, wárápá, gìrì? Ẹni tó sọ àìsàn kan ní àtọ̀gbẹ ti rí i pé aláìsàn ń tọ̀, ó sì ń gbẹ. Dókítà ni onítọ̀hún náà lọ́nà tirẹ̀. Láti 1970, nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní Ifẹ̀, a ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí kò sì ní pa Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lára. Yàtọ̀ sí èyí, aláìsàn kò ní kí ẹ wá fi Yorùbá ka ìwé ìmọ̀ ìṣègùn fún òun. Ó ní kí ẹ gbọ́ tòun.

Èkejì, wọ́n ní kò sí àyè. Èyí ni mo gbà jù. Mo ti rí èrò tó ń tò láti ìdájí níwájú ilé-ìwòsàn ìjọba, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ dókítà wa ti kó lọ sókè òkun, tí iṣẹ́ ẹni mẹ́ta sì já lé ẹnìkan lórí. Ẹni tí kò sùn láti àná kò ní etí púpọ̀. Ìjọba ló ni ẹ̀bi yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó tọ́ kì í gùn ju èyí tí kò tọ́ lọ. Oògùn tí wọ́n fi kún ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò dá àkókò kankan sí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a padà lọ síbẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni èdè ń gbé? Dókítà tó wà nínú ìtàn mi, ọmọ Yorùbá ni. Ọmọ Ìgbò tó bá fara balẹ̀ kọ́ Yorùbá aláìsàn fún oṣù mẹ́fà sàn jù ú lọ. Ọmọ tiwa náà tó bá di àgùnbánirọ̀ ní Kánò, ó yẹ kó kọ́ Hausa aláìsàn níbẹ̀. Ní báyìí, ọmọ aláìsàn tàbí ẹni tí ń gbálẹ̀ ni wọ́n ń pè láti ṣe ògbufọ̀. Ẹ sọ fún mi, ìyá wo ni yóò jókòó níwájú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí yóò sọ pé nǹkan ń jáde lójú ara òun?

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ń múra ìdánwò PLAB tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́ ní Britain. Apá kejì rẹ̀, tí wọ́n ń lọ ṣe ní Manchester, kì í wo ọgbọ́n orí nìkan. Wọ́n ń fún wọn ní máàkì lórí bí wọ́n ṣe bá aláìsàn sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe fetí sílẹ̀, bí wọ́n ṣe fi ìkẹ́dùn hàn. Àwọn ọmọ wa ń san owó ńlá láti kọ́ bí a ṣe ń bá ìyá àgbà Òyìnbó kẹ́dùn. Ìyá àgbà tiwọn jókòó síwájú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ dókítà kọ́. Kí ló fà á? Ohun tí a kò bá fi ṣe ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà á sí ìmọ̀. Láti JAMB ni a ti sọ fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì, físíìsì, kẹ́místírì àti bàọ́lọ́jì ni ọ̀nà ìṣègùn. Ọdún mẹ́fà ni wọn yóò sì lò níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò gbé Yorùbá aláìsàn ka iwájú wọn, kó ní kí wọ́n sọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwa tí a kọ́ wọn la jẹ̀bi jù wọ́n lọ.

Bẹ́ẹ̀, a ti ní àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Thomas Adéoyè Lámbò kàwé ìṣègùn ní Birmingham, kò sí ìwé ẹ̀rí òkè òkun tí ẹ ń wá tí kò ní. Nígbà tó dé Arò ní Abẹ́òkúta ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sọ́dọ̀ ará abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò pa oògùn òyìnbó tì. Ó kàn mọ̀ pé ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí àìsàn ń jẹ́ nílé aláìsàn kò lè wò ó dé ilé. Kò sì sí ẹni tó sọ pé èyí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì dé ipò igbá-kejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé fífetísílẹ̀ ni kí a máa gba gbogbo ohun tí aláìsàn bá sọ gbọ́, kó rántí Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ní Èkó ní 2014. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pe àìsàn ọkùnrin tó dé láti Làìbéríà. Òun ló gbọ́ ìtàn náà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọkùnrin náà sẹ́ pé òun kò bá oní-Ebola pàdé, àwọn aláṣẹ ń fúngun mọ́ dókítà yìí kó jẹ́ kó lọ, ó kọ̀. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ ló máa ń mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kò pé.

Kí wá ni mo fẹ́? Mo fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá fi àgbàlagbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì síwájú akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò àṣekágbá, kí ẹni tí kò bá lè gba ìtàn àìsàn lẹ́nu rẹ̀ tún un ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n gba ògbufọ̀ tó kọ́ṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù. Mo sì fẹ́ kí àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè dìde lórí àga wa. A ti kọ ìwé jọ gegele lórí ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀. Ta ló ti kọ ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè fi sápò lórí bí ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì àti ará Ọ̀yọ́ ṣe ń ṣàpèjúwe inú rírun? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bi mí léèrè àkọlé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lójoojúmọ́, ẹ gba wọ́ọ̀dù lọ. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí yóò tó yín ṣe títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mo bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ìbéèrè kan náà, pé ta ni dókítà gidi. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Èyí tó bá jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán ni." Mo ti fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó pè mí, pé kó kà á fún àwọn ọmọ náà. Mo ń retí èsì.